Ìrókò, apá, ọ̀gànwó tàbí àfàrà: èwo ni kí ẹ fi kan ilẹ̀kùn fèrèsé ìta l'Ábújá?

Ikán kọ́ ni ọ̀tá àkọ́kọ́ fèrèsé onígi níhìn-ín, ọyẹ́ ni. Pákó tó ń mu omi òjò láti oṣù Kẹrin á gbẹ kankan tó bá di oṣù Kejìlá, á súnkì, á là, á sì lọ́. Kí ẹ tó dúnàádúrà ní ọjà pákó Dei-Dei, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè igi tó ń dúró lójú kan.

Ìrókò la máa mú. Ikán kì í fẹ́ràn inú rẹ̀, kì í sì í lọ́ bọ̀rọ̀. Ayùn ń wọ̀ ọ́ dáadáa, àfi tó bá pàdé òkúta funfun tó máa ń fara pamọ́ sínú àwọn kan. Ẹ fi aṣọ bo imú, ìyẹ̀fun rẹ̀ ń ta ni. Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ni jẹ ni ara funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó: ìyẹn kò lágbára inú pupa rárá, kòkòrò á jẹ ẹ́ bí ẹní jẹ arère, igi funfun tó rọ̀.

Apá ń dúró ju ìrókò lọ, ṣùgbọ́n ó wúwo. Hínjì 3 ni kí ẹ fún un, kí ẹ sì dá ihò kí sukúrù tó wọlé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á là. Ọ̀gànwó fúyẹ́ díẹ̀, ó sì rọrùn láti fá. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ máa tún fánìṣì rẹ̀ kùn lọ́dọọdún kí òjò tó dé. Àfàrà àti arère? Inú ilé ni tiwọn. Oògùn ikán bíi Solignum tí a fi búrọ́ọ̀ṣì kùn kò lè gbà wọ́n níta, torí kì í wọnú jìnnà.

Fèrèsé ẹsẹ̀ bàtà 4 níbùú àti lóòró, onílẹ̀kùn 2, gba pákó 2 (íǹṣì 1 ní nínípọn, íǹṣì 12 níbùú, ẹsẹ̀ bàtà 12 lóòró). Ẹ gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà 3, kí ẹ la ìkọ̀ọ̀kan sí 3: ó di 18. Lo 14 fún ojú, gé 2 sí méjì-méjì fún ìdábùú. Èyí tó kù ni ẹ ó fi gbé ilẹ̀kùn ró, láti igun hínjì ìsàlẹ̀ lọ sí igun òkè òdìkejì. Tí ẹ bá yí i padà, ilẹ̀kùn á wọ́lẹ̀.

Ẹ má lo ìṣó lásán fún ìrókò tàbí apá. Omi òjò á fa ìpàdé irin àti oje igi, ojú pákó á ní ìlà dúdú. Sukúrù tí kì í dípẹtà ni.

Tó bá jẹ́ inú ọyẹ́ lẹ kàn án, ẹ fi àlàfo bí igi ìṣáná sáàárín pákó. Tó bá jẹ́ inú òjò, ẹ jẹ́ kí wọ́n fara kanra.