Àwọn oníṣẹ́ ọ̀nà gba máàkì lọ́wọ́ mi, ọlọ́pàá gba ìdajì

Kòtò kan wà níwájú ilé wa tó ti bẹ́ táyà mi lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ Ajé, mo pe ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀nà. Wọ́n fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀sùn, wọ́n sì béèrè òpó iná tó sún mọ́ ọn jù. Ìbéèrè yẹn wú mi lórí. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n dé.

Mo ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Wọn ò kàn da kóòtà sínú omi kí wọ́n máa lọ o. Wọ́n gbọ́n omi kúrò, wọ́n fi ẹ̀rọ gé etí kòtò náà títí ó fi ní igun mẹ́rin, wọ́n gbá eruku, wọ́n fi ọ̀dà kùn ún lára kí tuntun lè lẹ̀ mọ́ ti àtijọ́. Ìpele ìpele ni wọ́n dà á, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Wọ́n tún kó gọ́tà tó dí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí omi tó ń gba ojú títì tó ti là wọlé ló ń sọ ìsàlẹ̀ di rírọ̀. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nìyẹn.

Ọlọ́pàá ńkọ́? Èyí tó darí ọkọ̀ ní sùúrù, ó kí màmá àgbà kan kó tó mú wọn sọdá. Ṣùgbọ́n wákàtí kan gbáko lẹ́yìn táwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ló tó yọjú. Ọkọ̀ kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlu ẹni tó mú ṣọ́bìrì dání. Ẹ̀ka méjèèjì ò bára wọn sọ̀rọ̀ ni.

Oníṣẹ́ ọ̀nà, 4 nínú 5. Ọlọ́pàá, ẹ gba 2 àbọ̀. Àbọ̀ yẹn, torí màmá àgbà ni.