Àwo Secchi: ohun tó yẹ kí ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú adágún kọ́kọ́ rà

Ẹgbẹ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa tọ́jú adágún àdúgbò sábà máa ń kọ́kọ́ náwó sí ohun tí yóò yí omi padà lójú ẹsẹ̀: aró búlúù tí wọ́n ń dà sí i, àpò bakitéríà tí wọ́n ní yóò jẹ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ tán, ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi. Àwo Secchi kì í ṣe omi ní nǹkan kan. Àwo pẹlẹbẹ ni, sẹ̀ǹtímítà 20 ni fífẹ̀ rẹ̀. Wọ́n pín ojú rẹ̀ sí mẹ́rin, wọ́n kun méjì ní dúdú, méjì ní funfun, wọ́n sì so ó mọ́ okùn tí a ti sàmì sí. Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó sọ bí ojú ṣe ń ríran jìnnà tó nínú omi. Síbẹ̀ òun la fi ṣáájú gbogbo irinṣẹ́ tó kù, torí ẹni tí kò mọ bí omi rẹ̀ ṣe mọ́ tó lóṣù tó kọjá, kò sí bó ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn tó dà sí i lóṣù yìí ṣiṣẹ́.

Irinṣẹ́ àtijọ́ ni. Angelo Secchi, àlùfáà Ìjọ Àgùdà tó tún jẹ́ onímọ̀ nípa ìràwọ̀, ló dán an wò láti orí ọkọ̀ Póòpù lórí òkun Mẹditaréníà lọ́dún 1865. Funfun báláú ni tirẹ̀. Ní 1899 ni George Whipple, onímọ̀ nípa omi, fi dúdú kún un, kí funfun lè yọ kedere lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìtàn yìí wúlò fún ẹni tó ń rajà. Àwo tó funfun látòkè délẹ̀, tó sì máa ń fẹ̀ ju èyí lọ, iṣẹ́ òkun ni wọ́n sábà ń fi í ṣe. Oní-dúdú-funfun ni ti adágún. Bí ẹgbẹ́ bá lo ọ̀kan lọ́dún yìí, tó lo èkejì lọ́dún tó ń bọ̀, iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ lọ́dún méjèèjì kò ṣeé fi wéra mọ́.

Kì í ṣe ara àwo ni ọjà burúkú ti máa ń já ènìyàn kulẹ̀, ara okùn ni. Okùn náílọ́ọ̀nù máa ń nà tó bá ti mu omi yó tí ìwúwo sì ń fà á wálẹ̀. Kí ẹ tó gbà á, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ téèpù ìwọ̀n, kí ẹnì kan fà á le díẹ̀. Bí àmì mítà 5 bá ti fi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kọjá mítà 5 orí téèpù, ẹ dá a padà. Okùn pọliẹ́sítà sàn jù, téèpù fáíbà tí àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ń lò sì sàn ju okùn èyíkéyìí lọ, torí ìwọ̀n rẹ̀ ti wà lára rẹ̀, kì í sì í pa rẹ́. Àmì tí wọ́n fi bírò kọ sára okùn kì í pẹ́ ṣá.

Àléébù kejì kì í hàn síta. Lára àwọn àwo kan, ibi tí wọ́n ti so kókó okùn ni ìwọ̀n ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ojú àwo. Bí ìkọ́ àti kókó náà bá gùn ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ, gbogbo iye tí ẹ bá kọ ni yóò fi mẹ́jọ dín. Nínú omi tó mọ́ dé mítà mẹ́fà, kò ba nǹkan jẹ́ púpọ̀. Nínú omi tí àwo ń pòórá ní sẹ̀ǹtímítà 40, ìdá kan nínú márùn-ún ni. Ẹ gbé òpin téèpù lé ojú àwo, ẹ wọ̀n ọ́n lọ sókè, kí ẹ mọ iye tí ẹ óò máa fi kún un.

Ní ti àwo fúnra rẹ̀: kí ó má tín-ín-rín débi pé yóò máa fì bí ewé tó ń já bọ́ láti orí igi. Ó yẹ kí irin tó wúwo tó ìdajì kílò sí kílò kan wà lábẹ́ rẹ̀, ní àárín gbùngbùn, kí ó lè lọ tààrà. Ọ̀dà rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kì í dán, torí èyí tó ń dán máa ń da oòrùn padà sójú ẹni tó ń wò ó. Bí funfun bá ti ń pọ́n, ẹ tún un kùn. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ọwọ́ díẹ̀ lè ṣe é fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ike tó nípọn mìlímítà mẹ́fà, bóòtù olórùka kan, nọ́ọ̀tì méjì àti irin tí wọ́n lu ihò sí láàárín. Àfọwọ́ṣe bẹ́ẹ̀ kò rẹlẹ̀ sí èyí tí wọ́n ń tà rárá, bó bá ṣáà ti fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20.

Lílò rẹ̀ kò le, àmọ́ ọ̀nà àṣìṣe pọ̀ níbẹ̀. Ibi tó jìn jù nínú adágún ni kí ẹ máa lọ, ibì kan náà ní gbogbo ìgbà, láàárín aago mẹ́wàá òwúrọ̀ sí aago mẹ́ta ọ̀sán. Ẹ so ọkọ̀ mọ́ ìdákọ̀ró, ẹ yí sí ẹ̀gbẹ́ tí òjìji ọkọ̀ bò, kí ẹni tí yóò wò ó yọ awò dúdú ojú rẹ̀. Ẹ rọra sọ àwo náà kalẹ̀ títí yóò fi pòórá, ẹ fi pẹ́ẹ̀gì aṣọ há okùn níbi tó ti kan ojú omi. Ẹ tún jẹ́ kó lọ sísàlẹ̀ díẹ̀ sí i, kí ẹ wá máa fà á bọ̀ títí yóò fi yọjú. Ẹ fi pẹ́ẹ̀gì kejì há ibẹ̀ náà. Bí ẹ bá kó pẹ́ẹ̀gì méjèèjì pọ̀ sójú kan, ibi tí okùn àárín wọn ti ṣẹ́po ni ìwọ̀n tòótọ́. Kò sí ìṣirò níbẹ̀, ọmọ tó mọ òǹkà kà lè ṣe é.

Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá. Bó bá ń ti ọkọ̀ kiri, okùn á dagun, iye tí ẹ óò kà á sì ju ìjìnlẹ̀ lọ. Bí okùn bá fi igun dígírì 30 yà kúrò ní òòró, mítà 3 tí ẹ rí lára okùn kò ju mítà 2.6 lọ lóòótọ́. Ìdákọ̀ró méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ló ń wo àrùn yìí. Bí àwo bá sì balẹ̀ láì tíì pòórá, tàbí tó wọ àárín ewéko, ẹ má kọ iye yẹn bíi pé òun ni ìdáhùn. Ẹ kọ ọ́ pé ó balẹ̀. Àwọn kan máa ń wò ó láti inú ọ̀pá oníhò tó ní gíláàsì nísàlẹ̀. Ó dára, ó ń pa ìtànṣán ojú omi, àmọ́ iye tó ń mú wá máa ń jìn ju ti ojú lásán lọ. Ẹni tó bá fi ọ̀pá bẹ̀rẹ̀ kó fi ọ̀pá parí.

Lọ́dún 1977, Robert Carlson, onímọ̀ nípa adágún, gbé ìlànà kan jáde tó ń sọ ìwọ̀n àwo yìí di òǹkà láti 0 sí nǹkan bí 100. Mítà 4 jẹ́ 40, mítà 2 jẹ́ 50, mítà 1 jẹ́ 60, ìdajì mítà jẹ́ 70. Bí ìjìnlẹ̀ bá ti já sí ìdajì, òǹkà á fi mẹ́wàá gòkè, bí òǹkà bá sì ṣe ń ga tó ni omi ṣe lọ́ràá tó, ìyẹn ni pé oúnjẹ ewéko ṣe pọ̀ nínú rẹ̀ tó. Ọgbọ́n pọ̀ níbẹ̀. Adágún tó mọ́ dé mítà 6, tó wá dín sí 5.5, òǹkà rẹ̀ kò yí ju 1 àti díẹ̀ lọ, síbẹ̀ ìpàdé pàjáwìrì ni wọ́n máa ń pè lé e lórí. Èyí tó já láti sẹ̀ǹtímítà 60 sí 40, òǹkà rẹ̀ fi nǹkan bíi 6 fò sókè, ẹnikẹ́ni kì í sì í mira, torí "omi wa kò kúkú mọ́ tẹ́lẹ̀."

Ìgbà ló ń fún iye tí ẹ kọ ní ìtumọ̀. Níbi tí omi ti máa ń dì, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní kété tí yìnyín bá yọ́, nígbà tí atẹ́gùn ń po omi òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀, kí ẹ sì máa ṣe é lọ́sẹ̀ méjì-méjì títí òtútù yóò fi padà. Láàárín ìgbà méjèèjì yìí, omi gbígbóná á léfòó sórí tútù bí ìdérí, ọ́síjìn ìsàlẹ̀ á máa tán lọ. Bó bá tán pátá, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, èròjà tó ń bọ́ ewéko, tí irin inú ẹrẹ̀ dì mú yóò tú sínú omi. Òun ló ń gòkè wá nígbà tí omi bá tún padà pò pọ̀. Níbi tí òjò àti ọ̀gbẹlẹ̀ ti ń pín ọdún, ẹ wọ̀n ọ́n kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀, torí òjò yẹn ló ń gbá ilẹ̀ tó ti kó ìdọ̀tí jọ fún oṣù mélòó kan.

Ẹ máa kọ àwọ̀ omi mọ́ iye náà. Láìsí àwọ̀, iye nìkan kò sọ ẹni tó jẹ̀bi. Bí omi bá pọ́n bí amọ̀ lẹ́yìn òjò, iyẹ̀pẹ̀ ló wọlé: ẹ lọ wo etí omi tí kò ní koríko, ojú ọ̀gbàrá tó ń ya wọlé, àti kòtò tó yẹ kó máa gba ẹrẹ̀ dúró bóyá ó ti kún. Àkókò ọ̀gbẹlẹ̀ ni kíkó ẹrẹ̀ kòtò yẹn, kì í ṣe nígbà tí òjò ti dé. Bó bá jẹ́ pé lọ́sẹ̀ méjì-mẹ́ta lẹ́yìn náà ni omi di àwọ̀ ewé, algae, ewéko wíńníwínní inú omi, ló ń jẹun, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni oúnjẹ rẹ̀: ẹ béèrè nípa ajílẹ̀ tí wọ́n wọ́n kí òjò tó dé, ìgbẹ́ ẹran, àti ṣáláńgá tó ń jò. Etí omi tí wọ́n jẹ́ kí koríko àti igi kékeré hù sí ní fífẹ̀ mítà mẹ́wàá máa ń gba púpọ̀ lára rẹ̀ dúró. Ẹni tó ń gé koríko rẹ̀ dé etí omi gan-an, tó sì ń gbá a sínú omi, ń bọ́ algae ni.

Nípa ojú oró àti àwọn ẹbí rẹ̀: àdúrà rere ni pé kó máa lékè omi, àmọ́ bó bá bo adágún mọ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn kò ní ráyè wọlé mọ́. Ẹ kó o kí ó tó so irúgbìn, ẹ kó o jìnnà sí etí omi, torí bó bá jẹrà síbẹ̀, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú rẹ̀ á padà wọlé. Ẹ má fi oògùn pa gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Òkú ewé máa ń jẹ ọ́síjìn bó ṣe ń jẹrà, ẹja á sì kú lé e lórí. Ìdá mẹ́ta kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sinmi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ láàárín.

Àwo yìí máa ń parọ́ nígbà mìíràn. Omi tó pọ́n bíi tíì látinú ewé tó jẹrà nínú ẹrọ̀fọ̀ yóò fún yín ní iye kékeré láìsí algae kankan níbẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ burú jù: bí zebra mussel, ìkarahun kékeré onílà yẹn, bá wọ adágún, yóò sẹ́ omi náà débi pé àwo yóò jìn lọ́nà ìyanu. Inú ẹgbẹ́ á dùn. Bẹ́ẹ̀ oúnjẹ ọmọ ẹja ni wọ́n ti jẹ tán, wọ́n sì máa ń tu Microcystis, algae tó lè ní májèlé, dànù padà sínú omi. Àwo kò mọ májèlé. Kò mọ ọ́síjìn náà. Bí agbára ẹgbẹ́ bá ká a, ẹ fi ẹ̀rọ tí ń wọn ọ́síjìn tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ máa kà á ní mítà kọ̀ọ̀kan lọ sísàlẹ̀, ní ìdájí, torí òru ni ọ́síjìn máa ń lọ sílẹ̀ jù. Ìsàlẹ̀ mílígíráàmù 5 nínú lítà kan, ara ń ni ọ̀pọ̀ ẹja. Ní 2, wọ́n ti ń sá tàbí wọ́n ti ń kú.

Àwọn ọjà tí a dárúkọ lókè ńkọ́? Aró búlúù ń bo àìsàn mọ́lẹ̀ ni, ó tún ń ba ìwọ̀n àwo jẹ́. Àpò bakitéríà kò mú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì jáde kúrò nínú adágún, torí náà a kò rí ìdí tó fi yẹ kó gba owó ẹgbẹ́. Ẹ̀rọ atẹ́gùn wúlò bí agbára rẹ̀ bá tó. Bó bá kéré, ńṣe ni yóò kàn máa ro oúnjẹ ìsàlẹ̀ sókè fún algae. Álọ́ọ̀mù ń di fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì mú lóòótọ́, àmọ́ bí pH, ìwọ̀n tó ń sọ bí omi ṣe kan tó, bá já sísàlẹ̀ 6, alumíníọ̀mù inú rẹ̀ á di májèlé fún ẹja, nítorí náà iṣẹ́ ẹni tó kọ́ ọ ni, pẹ̀lú àṣẹ ìjọba.

Lẹ́yìn ìlò, ẹ fọ àwo àti okùn, ẹ gbọn omi inú ọkọ̀ dànù, ẹ sá gbogbo rẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún kí ó tó kan adágún mìíràn. Ọmọ zebra mussel kò ṣeé fi ojú rí, okùn tútù sì tó o gùn. Ẹ má ká okùn sínú àpò tó tutù, yóò hu funfun, àmì á sì pa rẹ́.

Bí omi yín kò bá jìn tó mítà kan, tí ẹ ń rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ má ra àwo yìí. Ọ̀pá ike tí a ń rí inú rẹ̀, tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 60 tàbí 120, tí àwo kékeré wà ní ìdí rẹ̀, ni tiyín: ẹ pọn omi kún un, ẹ máa tú u jáde díẹ̀díẹ̀ títí dúdú òun funfun yóò fi yọ, kí ẹ kọ gíga omi tó kù.