Ìjà Ògòǹgò tí kò sí nínú ìwé mi: àgbéyẹ̀wò Ògbójú Ọdẹ tí mo rà láti Àjàṣẹ́

Ojú-ìwé mẹ́rìndínlógún ló sọ mí di ẹni tó ń kọ àgbéyẹ̀wò. Mo ra Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé ìtàn D.O. Fágúnwà, lọ́wọ́ ilé ìtàwé kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tó ń pàtẹ ọjà rẹ̀ lórí WhatsApp. Mo fi owó ránṣẹ́ láti Kétu, wọ́n fi ìwé lé dẹ́rẹ́bà takisí lọ́wọ́, ó gbé e gba Sákété àti Pọ̀bẹ̀ kọjá, ó sì dé ọwọ́ mi láìsí wàhálà. Títí débẹ̀, kò sí ẹjọ́. Ìwé náà mọ́, lẹ́tà rẹ̀ tóbi fún ojú tó ti ń dàgbà. Mo wẹ̀, mo jẹun, mo jókòó tì í.

Àkàrà-oògùn, ọdẹ tó ni ìtàn náà, àti àwọn ọdẹ mẹ́fà tó bá a lọ ti forí lé Òkè Láńgbòdó. Wọ́n ti dé sàkáání àwọn ẹyẹ, Ògòǹgò ọba ẹyẹ fẹ́ kò wọ́n lójú. Mo ṣí ewé ìwé. Ni mo bá tún bá àwọn ọdẹ kan náà níbi tí wọ́n ti ń gbéra nílé! Mo ṣí i síwájú, mo ṣí i sẹ́yìn. Nígbà tí mo wo nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ewé ni ọ̀rọ̀ yé mi: ojú-ìwé mẹ́rìndínlógún tí mo ti kà kọjá ló padà wá bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé, nígbà tí wọ́n sì parí, ìwé fò lọ síwájú, ìjà ti tán, àwọn ọdẹ ti ń bá tiwọn lọ. Ta ló kọlu Ògòǹgò? Ọgbọ́n wo ni wọ́n dá? Ìwé tí mo fowó rà ò sọ fún mi.

Ọmọkùnrin tó ń gbé fóònù wọn láàárọ̀ ni mo kọ́kọ́ bá. Mo ṣàlàyé. Ó ní, “Tàǹtí, ṣé ìwé ya ni?” Mo ní kò ya, ó wá lẹ́ẹ̀mejì ni. Ó ní, “Háà, ẹ̀yin lẹ jèrè nìyẹn o! Tàwọn tó kù ò lè nípọn tó tiyín.” Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kì í ṣe yẹ̀yẹ́ rárá, tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́, inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn sí mi. Mo ní, “Ọmọ mi, aránṣọ ni mí. Tí mo bá rán apá òsì méjì mọ́ bùbá ìyá rẹ, ṣé wàá ní kó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi?” Ó ní òun ń pè mí padà.

Kò pè. Nírọ̀lẹ́, ó fi fọ́tò ojú-ìwé mélòó kan ránṣẹ́, láìsí kíkí, láìsí àlàyé. Mo ṣí i: Gẹ̀ẹ́sì ni. Lóòótọ́, Wọlé Ṣóyínká ti tú ìwé náà sí Gẹ̀ẹ́sì láti 1968, ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì sì lè máa gbádùn rẹ̀ lọ. Faransé ni wọ́n fi kọ́ àwa níléèwé. Yorùbá ni mo sanwó fún. Mo tún pè, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀gá ní ọjà tí àwọn bá ti tà kì í padà, pé ó wà lẹ́yìn rìsíìtì mi. Mo ní kí ló wà lẹ́yìn kí ni? Kò sẹ́ni tó fún mi ní rìsíìtì.

Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń di ìwé á ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Orí bébà ńlá kan ni wọ́n máa ń tẹ ojú-ìwé 16 sí, wọ́n á ká a títí á fi kéré, wọ́n á to gbogbo èyí tí wọ́n ká léra wọn, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ tàbí kí wọ́n rán an, kí wọ́n tó gé etí rẹ̀. Ẹni tó ń tò ó mú ìdì kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ó fo èyí tó kàn. Ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Ìyẹn kọ́ ló bí mi nínú. Ohun tó bí mi nínú ni pé kò sí orúkọ atẹ̀wé kankan lára ẹ̀dà náà, níwájú tàbí lẹ́yìn, tí mo lè bá sọ̀rọ̀. Ní 1938, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ìwé yìí, ilé ìtẹ̀wé àwọn míṣọ́nnárì C.M.S. l'Ékòó kọ orúkọ wọn sí i. Ẹ̀dà tèmi dà bíi pé ó bọ́ láti ọ̀run.

Ẹ lè ní kí ló kan àgbàlagbà obìnrin pẹ̀lú ìjà ẹyẹ. Bàbá mi kékeré ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn nígbà tí a wà lọ́mọdé. Tó bá wálé ọdún, ó máa ń mú ìwé yìí dání, á sì kà á fún wa lálẹ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa ní Yorùbá kíkà níléèwé, ẹnu rẹ̀ la ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní ẹ̀yìn Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè Kétu àtijọ́, gan-an ni Igbó Irúnmalẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. A gbà á gbọ́! Kò sọ fún wa pé Òkè-Igbó lọ́nà ọ̀hún ni Fágúnwà ti wá, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó lè rán wa lọ gba nǹkan lápá ẹnubodè yẹn tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ìgbà tó yá, mo kọ́ṣẹ́, mo lọ́kọ, àwọn ọmọ mi ń wo fíìmù òyìnbó tó kún fún dírágónì, èmi náà ń bá wọn wò ó. Mo gbàgbé àwọn ọdẹ yẹn pátápátá.

Ẹ̀fẹ̀, orin òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ló dá mi padà. A lọ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ (èyí tí UNESCO gbóríyìn fún ní 2001, tí àwa ti ń jó kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ UNESCO). Ní òru, olórin Ẹ̀fẹ̀ ń bú àwọn tó yẹ kó bú, ó wá kan ẹnì kan tó máa ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà, ó pè é ní Agbákò olójú mẹ́rìndínlógún, pé gbogbo ojú náà kò rí nǹkan mìíràn ju àpò ọlọ́jà lọ. Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi bi mí pé, “Màmá, ta ni Agbákò?” Mo la ẹnu, mo sì rí i pé gbogbo rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀: igbó, ìjàkadì Agbákò pẹ̀lú Àkàrà-oògùn, ojú 16 tó yí orí Agbákò ká, ohùn bàbá mi kékeré. Ọjọ́ kejì ni mo wá ìwé náà lórí fóònù. Ẹ wá wo irú ẹni tí wọ́n já ojú-ìwé kúrò fún.

Ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtàwé náà lọ́sàn-án ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ó kọ̀wé sí mi láti orí nọ́ńbà tirẹ̀: “Ẹ kúùrọ̀lẹ́ Tàǹtí. Ẹ má bínú. Bàbá àgbà mi ní Sákété ní ìwé yẹn, ti àtijọ́ ni. Mò ń lọ síbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Ṣé kí n ya fọ́tò ẹ̀ àbí kí n kà á fún yín?” Mo ní kó ya fọ́tò. Fọ́tò dé, ikán ti jẹ etí ìwé náà, lẹ́tà sì ti ṣá débi pé n kò lè rí nǹkan kan fà yọ. Mo ní ó dáa, kà á.

Ó kà á, gbogbo ojú-ìwé 16, ohùn lẹ́yìn ohùn lórí WhatsApp. Ṣọ́ọ̀bù ni mo wà nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Mo gbé fóònù lé orí tábìlì tí a fi ń gé aṣọ, mo ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ránṣọ lọ. Ẹ̀rọ kan dákẹ́. Ìkejì dákẹ́. Ọmọ náà kò mọ̀ ọ́n kà tó bàbá mi kékeré, ó ń kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ gígùn, ó tiẹ̀ sọ níbì kan pé, “Tàǹtí, n ò ní purọ́ fún yín, ibí yìí ò yé mi,” ó sì ń kà lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ògòǹgò ń sọ̀rọ̀, ó wú ohùn. Àárín ìjà náà gan-an ni àkùkọ kan kọ ní àgbàlá wọn ní Sákété, kedere, bí ẹni pé ó gbọ́ pé wọ́n ń bá ọba òun jà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Oníbàárà kan tó wá gba aṣọ jókòó, kò béèrè aṣọ mọ́.

A wá gbọ́ ohùn arúgbó kan láti ẹ̀yìn: “Rárá, rárá, bẹ́ẹ̀ kọ́ la ń pè é, gbé e wá.” Bàbá àgbà gba ìwé. Òun ló ka ìyókù. Àgbà yẹn kò yára, kò wú ohùn fún ẹnikẹ́ni, ó ń sinmi níbi tó bá wù ú, ó sì ń dáhùn ìkíni àwọn tó ń kọjá láàárín gbólóhùn. Èmi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi ohun tí mo gbọ́ lọ́jọ́ náà ṣe pàṣípààrọ̀ ìwé tó pé.

Ìwé ọ̀hún ńkọ́? Ó ṣì dùn, ó dùn ju bí mo ṣe rántí rẹ̀ lọ. Lọ́mọdé, Agbákò nìkan ni mo mọ̀. Nísinsìnyí, àwọn ọdẹ tó ń rìn pọ̀ ni mo fẹ́ràn: Ìmọ̀dòye ọlọ́gbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ olórin, àti Àràmàǹdà-ọkùnrin tí òógùn ń bo nígbà òtútù tí òtútù sì ń mú nínú oòrùn. Mo ní irú oníbàárà bẹ́ẹ̀. Ìwàásù inú rẹ̀ ló gùn. Nígbà tí wọ́n bá dé ilé Ìrágbèje olójúlé méje, ẹ̀kọ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ni. Bàbá mi kékeré máa ń fò ó, a kò mọ̀. Tísà ni Fágúnwà, tísà kì í rí àwọn tó jókòó kó má kọ́ wọn ní nǹkan.

Ti Kàkó oníkùmọ̀ ẹkùn ni kò lè lọ nínú mi. Ó fẹ́ bá àwọn ọdẹ lọ, ìyàwó rẹ̀ dì mọ́ ọn pé òun ò ní jẹ́ kó lọ, ó fi àdá pa á, ìrìn-àjò sì ń bá a lọ. Bàbá mi kékeré kà á fún wa, kò sí ẹni tó wí nǹkan kan. Nígbà tí mo kà á fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, ariyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀kan ní òun ò fẹ́ gbọ́ ìtàn náà mọ́ láé. Ọjọ́ kejì, òun ló kọ́kọ́ bi mí pé ibo la dé. Mo rí ohun tó ń ṣe é: èmi náà bínú sí Kàkó, mo sì ń fẹ́ kó wà níbẹ̀ tí ewu bá dé.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀dọ̀ ọ̀gá. Ó pè mí lẹ́yìn náà pé òun á fi ẹ̀dà mìíràn ránṣẹ́ tí mo bá san owó takisí lọ àti bọ̀. Mo san án. Ẹ̀dà náà dé, ó pé, mo kà á ní ewé kọ̀ọ̀kan níwájú dẹ́rẹ́bà tó ń fọn fèrè sí mi. Wọ́n kàn lẹ èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ sódì ni, orí Àkàrà-oògùn wà nísàlẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni mo rí lórí WhatsApp wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan? Ohùn ọmọbìnrin yẹn, àti àkùkọ rẹ̀, tí wọ́n fi ń polówó: “Níbi tiwa, a tún máa ń kàwé fún oníbàárà wa!” Mo bi ọ̀gá léèrè bóyá ó san kọ́bọ̀ fún ọmọ náà fún ohun tó ṣe lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀, pẹ̀lú dátà tirẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò kan ránṣẹ́ sí mi. Àtàǹpàkò!

Nítorí náà, ìràwọ̀ kan nínú márùn-ún ni mo fún ilé ìtàwé náà, kò sì sí àyè tí mo lè kọ orúkọ ọmọbìnrin náà sí kó gba márùn-ún tirẹ̀. Mo ti sanwó Igbó Olódùmarè ti 1949 lọ́dọ̀ wọn, ìtàn Olówó-ayé bàbá Àkàrà-oògùn. Tó bá dùn bẹ́ẹ̀, Ìrìnkèrindò ti 1954 ló kàn, lẹ́yìn rẹ̀ Àdììtú Olódùmarè ti 1961. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ pè wọ́n lọ́sàn-án, ẹ má pè láàárọ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n ka nọ́ńbà ewé fún yín kí takisí tó gbéra.