Àgbéyẹ̀wò kíláàsì ẹ̀kọ́ mímí tí mo lọ ní Adó-Èkìtì

Ilé ìtọ́jú aládàáni kékeré kan ní Adó-Èkìtì ló ń ṣe kíláàsì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí, fún àwọn àgbàlagbà tí èémí ń yọ lẹ́nu: àwọn tó ní ikọ́ fée, àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àwọn tí kì í rí oorun sùn dáadáa, àti àwọn tí àyà wọn máa ń já láìnídìí. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, fún nǹkan bíi wákàtí kan. ₦5,000 ni owó oṣù kan, wọ́n sì ń fún ènìyàn ní ìwé pélébé kan tí wọ́n tẹ àwọn ìdánrawò náà sí pẹ̀lú àwòrán. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ni mí, mo ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹnu ni mo sì fi ń mí lóru láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Dókítà tó ń tọ́jú mi ló ní kí n lọ wo ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tí mo rí níbẹ̀ ló wú mi lórí, apá kan sì wà tó bí mi nínú gidigidi. Méjèèjì ni n ó sọ.

Ọ̀dọ́mọbìnrin físíò (ẹni tó ń fi ìdánrawò tọ́jú ara) tó ń darí kíláàsì náà kò kọ́ wa ní ìdánrawò kankan lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó ní kí a jókòó, kí a gbé ọwọ́ kan lé àyà, kí a gbé èkejì lé ikùn, kí a máa mí bí a ṣe ń mí nílé, kí olúkúlùkù sì wo ọwọ́ tó ń gbéra. Ọwọ́ orí àyà ló ń lọ sókè sódò lára ọ̀pọ̀ wa. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí a fi aago ka iye ìgbà tí a mí láàárín ìṣẹ́jú kan. Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ sábà máa ń mí ní ìgbà 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan; tèmi kọjá 20, bẹ́ẹ̀ ni n kò sáré, n kò sì gbé ẹrù. Ó wá ṣàlàyé pé iṣan pẹrẹsẹ kan wà tó dábùú láàárín àyà àti ikùn, òun ló sì yẹ kó máa ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mímí nígbà tí ara bá wà ní ìsinmi. Bí iṣan náà bá ti wálẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró á fẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì wọlé fúnra rẹ̀, bí ó ṣe ń wọ inú ẹwìrì alágbẹ̀dẹ nígbà tí wọ́n bá fà á. Ẹni tó bá ń mí lókèlókè ń fi iṣan ọrùn àti ti èjìká ṣe iṣẹ́ tí kì í ṣe tiwọn, èyí sì lè wà lára ohun tó ń mú kí ọrùn máa ro ènìyàn nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú.

Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, nítorí náà àlàyé tó tẹ̀ lé èyí ni ó mú mi gba ẹ̀kọ́ náà gbọ́ pátápátá. Nígbà tí ara bá sinmi, afẹ́fẹ́ tí àgbàlagbà ń fà sínú lẹ́ẹ̀kan tó nǹkan bíi mílílítà 500. Nínú rẹ̀, nǹkan bíi 150 kì í dé ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń gba ọ́síjìn rárá. Inú imú, ọ̀nà ọ̀fun àti àwọn ọ̀nà afẹ́fẹ́ inú àyà ni yóò dúró sí, ibẹ̀ náà ni yóò sì ti padà jáde. Bí ènìyàn bá mí ní ìgbà 12 ní ìṣẹ́jú kan, tí ó ń fa 500 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mílílítà 6,000 ló fà sínú, 4,200 nínú rẹ̀ ló sì wúlò fún un. Bí ẹlòmíràn bá mí ní ìgbà 24, tí ó ń fa 250 péré, 6,000 kan náà ni òun náà fà, ṣùgbọ́n 2,400 ló dé ibi tó yẹ kó dé. Ẹni kejì mí ní ìlọ́po méjì, èrè rẹ̀ sì fi díẹ̀ ju ìdajì ti ẹni àkọ́kọ́ lọ. Mo ti gbé ìṣirò yìí fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, n kò sì rí èyí tí wọ́n fi ọkàn sí tó bẹ́ẹ̀ rí ní sáà yẹn.

Ẹ̀kọ́ nípa imú ni mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ará Èkìtì gbọ́, pàápàá nígbà ọyẹ́, tí eruku láti aṣálẹ̀ Sàhárà máa ń bo ojú ọ̀run, tí a kì í sì í rí àwọn òkè Ìkẹ́rẹ́ àti ti Ẹ̀fọ̀n Alààyè dáadáa láàárọ̀. Irun àti ikun inú imú ń mú eruku kó tó dé ẹ̀dọ̀fóró; imú ń mú afẹ́fẹ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì ń fi omi sí i. Yàtọ̀ sí èyí, ní ọdún 1995, Jon Lundberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Sweden fi hàn pé àwọn ihò inú egungun ojú tó yí imú ká ń pèsè nitric oxide lọ́pọ̀lọpọ̀. Afẹ́fẹ́ yìí máa ń bá èémí wọlé, ó sì ń mú kí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀dọ̀fóró là, kí ẹ̀jẹ̀ lè gba ọ́síjìn dáadáa. Ẹni tó ń fi ẹnu mí kò rí gbogbo àǹfààní wọ̀nyí gbà. Wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń fi omi iyọ̀ fọ imú, físíò náà sì tẹnu mọ́ ọn pé omi tí a ti sè, tí a sì jẹ́ kó tutù, ni a gbọ́dọ̀ lò, kì í ṣe omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ lásán. Nígbà tí ẹnìkan béèrè bóyá kí òun máa fi báńdéèjì alẹ̀mọ́ lẹ ẹnu òun pa lóru gẹ́gẹ́ bí òun ṣe rí i lórí fóònù, ó dáhùn pé ẹni tí imú rẹ̀ dí kò gbọ́dọ̀ dán an wò, àti pé ẹni tó ń hanrun, tí èémí rẹ̀ sì máa ń dáwọ́ dúró lójú oorun, ilé ìwòsàn ló yẹ kó gbà lọ. Ìdáhùn yẹn dára lójú mi.

Ohun tí a sábà máa ń sọ fún ẹni tí àyà rẹ̀ ń já ni pé kó mí kanlẹ̀, kó tún mí kanlẹ̀ sí i. Físíò náà fi ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n máa ń fi há ọmọ ìka hàn wá pé ìmọ̀ràn yìí kò pé. Ẹ̀rọ náà ń sọ bí ọ́síjìn ṣe kún inú ẹ̀jẹ̀ tó, iye tó sì yẹ kí ó wà lára ẹni tí ara rẹ̀ dá ni 95 sí 100 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ti gbogbo wa ti wà níbẹ̀. Ó ní kí àwọn tí ara wọn le nínú wa mí ńlá-ńlá fún ìgbà díẹ̀: iye náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà, ṣùgbọ́n òòyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn, ètè àti ọmọ ìka wọn sì ń ta wọ́n bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀. Ọ́síjìn ti kún inú ẹ̀jẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sí àyè fún púpọ̀ mọ́. Carbon dioxide, afẹ́fẹ́ tí ara ń tú jáde nígbà tí a bá ń mí, ni àmíjù ń gbọ́n dànù, bí ó bá sì ti dínkù jù, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ á fún. Christian Bohr, ọmọ ilẹ̀ Denmark, ti fi hàn láti ọdún 1904 pé nígbà tí carbon dioxide bá kéré, ẹ̀jẹ̀ kì í fẹ́ tú ọ́síjìn tó gbé sílẹ̀ fún ara. Ó lè jẹ́ pé ẹni tí a ń sọ fún pé kó mí sí i ti ń mí jù tẹ́lẹ̀.

“Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má fà á sínú tagbára-tagbára. Ẹ jẹ́ kó pẹ́ jáde.” Ọ̀rọ̀ yìí ni ó ń tún sọ fún wa ní gbogbo ìgbà. Ìdánrawò tó jẹ́ òpó kíláàsì náà ni pé kí a fi imú fa èémí wọlé fún ìṣẹ́jú àáyá 4, kí a sì jẹ́ kó jáde díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 6. Èyí já sí ìgbà 6 péré ní ìṣẹ́jú kan. Ọkàn máa ń yára díẹ̀ nígbà tí a bá ń fa èémí sínú, ó sì máa ń rọra nígbà tí a bá ń tú u jáde, nítorí náà bí ìtújáde bá ṣe gùn tó ni ara ṣe ń rí àyè rọlẹ̀ tó. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Stanford, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2023, fi hàn pé àwọn tó ń fi ìṣẹ́jú 5 lójúmọ́, fún oṣù kan, fa èémí wọlé lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, tí wọ́n sì ń tú u jáde pẹ́, rí ìtura ọkàn ju àwọn tó kàn jókòó tí wọ́n ń fọkàn ṣàkíyèsí èémí wọn lọ.

Lára èmi, oorun ló kọ́kọ́ yí padà. Ẹnu mi kì í gbẹ mọ́ bí mo bá jí, ọkọ mi sì sọ pé híhanrun mi ti dínkù púpọ̀. Ní kíláàsì, mo lè ka ìpínrọ̀ gígùn sókè láìjẹ́ pé èémí gé mọ́ mi lẹ́nu ní àárín gbólóhùn. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi wálẹ̀ díẹ̀, kò lọ. Dókítà mi kò yọ ìkankan kúrò nínú oògùn mi, n kò sì béèrè pé kó yọ ọ́. Ìgbà tí mo bá gbàgbé ìdánrawò náà fún ọjọ́ mélòó kan, mo máa ń rí i pé èémí mi ti tún gun òkè àyà lọ.

Apá tó bí mi nínú ni mo kàn báyìí. Olùkọ́ kejì kan wà tí wọ́n máa ń pè wá nígbà mìíràn, ẹni tó ń kọ́ ọ̀nà Buteyko, èyí tí dókítà Konstantin Buteyko dá sílẹ̀ ní Soviet Union ní àwọn ọdún 1950. Ọ̀nà náà kò burú: mímí jẹ́jẹ́ láti imú ni, àwọn oníkọ́ fée kan sì ń rí ìtura níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí dúró níwájú wa, ó ní ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa kò nílò ìnhélà, ohun èlò kékeré tí oníkọ́ fée fi ń fa oògùn sínú, mọ́. Ìyá kan tó ń yan gàárì ní ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ gbà á gbọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìnhélà rẹ̀ sílé. Nígbà tó wá sí kíláàsì tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí àyà rẹ̀ sì ń sú fée, kò sí nǹkan kan nínú àpò rẹ̀. Ọkàn mi kò balẹ̀ títí wọ́n fi rí èyí tí wọ́n fún un níbẹ̀. GINA, àjọ tí ọ̀pọ̀ dókítà lágbàáyé ń tẹ̀ lé ìlànà rẹ̀ lórí ikọ́ fée, sọ pé ìdánrawò mímí lè kún oògùn lọ́wọ́, ó lè mú kí ìnira dínkù kí ayé sì rọrùn fún aláìsàn, ṣùgbọ́n kì í mú kí agbára ẹ̀dọ̀fóró pọ̀ sí i. Wíwú inú àwọn ọ̀nà afẹ́fẹ́ ni ikọ́ fée jẹ́, oògùn tí a ń fà sínú ló sì ń rọ wíwú náà. Ó yẹ kí ilé ìtọ́jú náà kọ èyí sára ògiri, kí ẹnikẹ́ni tó bá sọ òdì kejì rẹ̀ má sì kọ́ni níbẹ̀ mọ́. Físíò náà tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá náà, n kò tíì gbọ́ nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ilé.

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí kan náà ló jẹ́ kí n rí àlàfo mìíràn: wọn kò sọ̀rọ̀ èéfín rárá. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni ó ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná igi lábẹ́ àtíbàbà tí kò ní ihò òkè. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé èéfín ìdáná inú ilé ló fa ikú nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn káàkiri ayé ní ọdún 2020. Kò sí irú mímí jẹ́jẹ́ tó lè sọ èéfín di afẹ́fẹ́ tútù. Ó yẹ kí wọ́n ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ ààrò tó ní ọ̀pá èéfín, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, àti bí àwọn tó ń yan gàárì ṣe lè máa gba ipò lọ́wọ́ ara wọn.

Yàrá náà mọ́, àwọn àga rẹ̀ sì dára fún ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, ṣùgbọ́n tí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ wà nítòsí fèrèsé jù. Mo sọ fún wọn, wọ́n sì ti gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Owó wọn kò wọ́n ní ìwọ̀n ohun tí wọ́n ń kọ́ni, n ó sì máa lọ níwọ̀n ìgbà tó bá jẹ́ físíò yẹn ni yóò máa kọ́ wa. Ìwé pélébé wọn nìkan ni àwọn ìyá tó wá láti Ìyìn àti Ìgèdè kò lè kà, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́ látòkè délẹ̀. Mo ti bá wọn kọ tuntun ní Yorùbá, mo fi ìkìlọ̀ nípa ìnhélà àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sí ojú ewé àkọ́kọ́, wọ́n sì ṣèlérí pé àwọn yóò tẹ̀ ẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tó wọlé.