Ìtọ́jú Abẹ́rẹ́ fún Ẹyẹlé Mi ní Òṣogbo

Ológbò ló ki ẹyẹlé mi kan mọ́lẹ̀ tí eegun apá òsì rẹ̀ fi kán. Àwọn ará ilé ní kí n pa á sínú ọbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá dọjọ́ ikú kó yẹrí; n kò rí ìdí tí èmi onílé yóò fi yẹrí fún un. Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko kan níbí ní Òṣogbo, níbi tí dókítà ti ń lo abẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà, èyí tí wọ́n ń pè ní acupuncture: abẹ́rẹ́ lásán tí kò ní oògùn nínú ni wọ́n máa ń gún sí ara. Ìtọ́jú náà kì í ṣe àdábọwọ́ dókítà kan, nítorí pé láti ọdún 1974 ni International Veterinary Acupuncture Society ti wà fún àwọn dókítà ẹranko tó ń ṣe é.

Ohun tó jẹ́ kí n fọkàn tán dókítà yìí ni pé kò fi abẹ́rẹ́ náà kan ẹyẹ mi rárá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn ló kọ́kọ́ fún un, torí pé kòkòrò inú itọ́ ológbò lè tètè pa ẹyẹ, lẹ́yìn náà ló wá fi báńdéèjì di apá náà mọ́ ara. Ó ní abẹ́rẹ́ kì í to eegun. Ìrora àti iṣan tó gan ni òun ń lò ó fún.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3, eegun ti so, ṣùgbọ́n apá kò ṣe é nà tán. Ìgbà yẹn ni dókítà mú abẹ́rẹ́ jáde. Ó da aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ẹyẹ náà lójú kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀, ó sì rọra gbá a mú láìfún àyà rẹ̀, nítorí pé bí àyà ẹyẹ kò bá ráyè lọ sókè sódò, kò lè mí. Abẹ́rẹ́ náà tín-ín-rín bí irun, kò sì jẹ́ kó wọlé jìn, torí pé eegun òkè apá ẹyẹlé ní ihò nínú, ihò náà sì já sí àpò afẹ́fẹ́ inú ara rẹ̀. Nígbà tí abẹ́rẹ́ kejì wọlé, ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ló dákẹ́ jẹ́ẹ́. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú 10 lọ.

Ìgbà 4 la ti lọ. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé abẹ́rẹ́ nìkan ló ṣe é, torí pé mo ń bá a na apá náà nílé bí dókítà ṣe fi hàn mí, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìgbà kejì ni mo rí i tó nà án fúnra rẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé ajá àti ẹyẹ jọ ń dúró nínú yàrá kan ṣoṣo ni, ẹyẹ tí ẹ̀rù ti bà tẹ́lẹ̀ sì ń gbọ̀n nínú páálí ní gbogbo ìgbà tí ajá bá gbó. Wọn kò sì sọ iye owó títí tí iṣẹ́ fi parí.

Ó ti ń fò dé orí páànù báyìí, kò tíì dé orí igi máńgòrò tí àwọn yòókù máa ń bà lé. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ la ó padà lọ fún ìgbà karùn-ún.