Bílíìṣì, Sípírítì àbí Hydrogen Peroxide: Èwo Ni Kí Ẹ Rà fún Irin Stainless Yín?

Yúgọ́ọ̀tì ni mò ń ṣe tà. Ọdún kẹta rèé tí tánkì stainless tí mo fi ń se wàrà bẹ̀rẹ̀ sí í jò nísàlẹ̀, níbi tí wẹ́dà ti jó o pọ̀. Kò tíì pé ọdún méjì tí mo rà á nígbà náà. Mo kọ́kọ́ bínú sí ẹni tó ṣe é. Ìgbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀ ni mo rí àwọn ihò tó rí bí ojú abẹ́rẹ́, tí ìpẹtà pupa yí ẹnu wọn ká. Bílíìṣì ló gbẹ́ wọn. Gbogbo alẹ́ ni ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ń da bílíìṣì tí kò fi omi là sí i, táá sì fi í sílẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè èwo ló ń pa kòkòrò jù, ẹ béèrè ohun tí oògùn náà ń fi sílẹ̀ lójú irin tó bá gbẹ tán.

Chromium inú stainless ló ń da awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bo ojú irin náà, ojú wa ò lè rí i. Awọ yìí ni kì í jẹ́ kó dípẹtà. Bí nǹkan bá ha á, afẹ́fẹ́ á mú kó padà bọ̀ sípò. Ọ̀tá rẹ̀ ni chloride, èyí tó wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀. Ó wà nínú bílíìṣì náà, bí omi rẹ̀ sì ṣe ń gbẹ ni chloride ń ki sí i. Á gún awọ yẹn lójú kan ṣoṣo, á wá máa jẹ irin wọnú lọ, nígbà tí gbogbo ìyókù ṣì ń dán. Ìdí tí mi ò fi tètè mọ̀ nìyẹn. Ojú ibi tí wẹ́dà jó, abẹ́ rọ́bà ìdérí àti kọ̀rọ̀ tí omi ń dúró sí ló máa ń kọ́kọ́ jìyà. Omi gbígbóná tún ń mú un yá.

Bí ẹ bá ra bílíìṣì, ẹ fi omi là á. Agbára púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà lọ́dọ̀ wa jẹ́ 3.5%. Kó tó di 0.1% tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ká fi nu ojú nǹkan nígbà Kòrónà, ife kan sí ife omi 34 ni. Fún ohun tí oúnjẹ máa kàn, nǹkan bíi mílílítà 6 nínú lítà omi kan ti tó. Kó má ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, kí ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án, kí ẹ sì nù ún gbẹ. Ẹ má pò ó mọ́ ọsàn wẹ́wẹ́, fínígà tàbí oògùn ìfọṣáláńgá: èéfín olóró ló máa yọ. Owó rẹ̀ kéré ní ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò omi mímọ́ àti òṣìṣẹ́ tí kì í gbàgbé mọ́ ọn.

Irú irin yín náà ṣe kókó. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe irú stainless kọ̀ọ̀kan. Molybdenum, irin mìíràn tí wọ́n pò mọ́ 316, ń bá a kojú chloride ju 304 lọ. Ẹ ṣọ́ra fún 201 tí àwọn kan ń tà bíi 304. Òòfà kì í fa ìkankan nínú àwọn méjèèjì dáadáa, torí náà òòfà tí wọ́n fi ń dán an wò fún yín lọ́jà kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Kànìnkànìn onírin kò yẹ ẹyọ kan nínú wọn.

Sípírítì 70% kì í ba irin jẹ́, ó sì ń yára gbẹ láìní kí ẹ ṣàn án. Ó wọ́n, ó ń gbaná, kì í sì í pa spore, ìyẹn kòkòrò àìfojúrí tó ti fi èèpo líle bora. Ethanol ni kí ẹ rà, kì í ṣe sípírítì ìfọgbẹ́ tí wọ́n da methanol sí.

Benzalkonium chloride, oògùn apakòkòrò mìíràn, rọ irin lọ́rùn bí ẹ bá là á bí ara ike rẹ̀ ṣe wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé chloride wà lórúkọ rẹ̀. Ọṣẹ tó bá ṣẹ́ kù máa ń pa agbára rẹ̀.

Hydrogen peroxide ń fọ́ sí omi àti ọ́síjìn, kò fi iyọ̀ kankan sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ wàrà kúrò, torí ìdọ̀tí ń jẹ agbára rẹ̀. Èyí tó ki, tí wọ́n ń tà ní kẹ́ẹ̀gì lọ́jà kẹ́míkà, ń jó ara: ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú, ẹ má gbé e sínú oòrùn, ẹ má sì dé e pinpin.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tó dára sí. Bílíìṣì dára fún ilẹ̀, táìlì àti gọ́tà, ibẹ̀ náà ni mo ṣì ń lò ó. Sípírítì ni mo fi ń nu tábìlì àti ìwọ̀n láàárín iṣẹ́. Hydrogen peroxide nìkan ló ń wọ inú tánkì tuntun tí mo fi rọ́pò èyí tó jò. 304 ni tánkì náà, ó ti lé lọ́dún méjì báyìí. Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo ń tan tọ́ọ̀ṣì yí ojú wẹ́dà rẹ̀ ká, mi ò tíì rí ihò kankan.