Àlòkù Tàbí Àtúntẹ̀: Ìwé Ìtàn Ogun Wo Ni Kí Ilé Ìkàwé Yín Rà?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ìwé ìtàn ogun fún ilé ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ gíga, nǹkan méjì ni wọ́n máa gbé síwájú yín: àlòkù ìtẹ̀jáde àtijọ́, tàbí àtúntẹ̀ tuntun tó ń dán. Mo ti ra méjèèjì fún ilé ìkàwé tí mo ń tọ́jú n'Íléṣà níbí.

Ẹ mú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ. Ó parí rẹ̀ ní 1897, ìwé náà sọnù lọ́dọ̀ atẹ̀wé nílùú Ọba, Johnson kú ní 1901, Dókítà Obadiah àbúrò rẹ̀ ló tún un tò kó tó jáde ní 1921. Ó ti pẹ́ débi pé ẹni tó bá ti ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè tẹ̀ ẹ́ tà. Ibẹ̀ ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀.

Mo ra ẹ̀dà mẹ́rin àtúntẹ̀ kan. Bébà rẹ̀ funfun báláú. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wá béèrè Ògèdèǹgbé, ọ̀gágun Ìjẹ̀ṣà, mo ní kó ṣí atọ́ka orúkọ tó wà lẹ́yìn ìwé. Ó ṣí ojú ìwé tí atọ́ka sọ, ọ̀rọ̀ oyè jíjẹ ló bá níbẹ̀. Ó ṣí òmíràn, ogun ìlú mìíràn ni. Àṣé wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà tún ọ̀rọ̀ inú ìwé tò, lẹ́tà tóbi sí i, gbogbo ojú ìwé ti yẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà àtijọ́ ni wọ́n fi sílẹ̀ nínú atọ́ka! Kọ̀ǹpútà náà tún ka àmì abẹ́ lẹ́tà sí ìdọ̀tí, ó gbá wọn dànù.

Ìjẹ̀ṣà ni mí. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe òṣómàáló lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ontàwé náà, ìdajì owó ló dá padà.

Nínú ìwé ogun mìíràn tí mo rà lọ́wọ́ rẹ̀, bí máàpù ṣe wà ní kíká ni wọ́n ṣe ya fọ́tò rẹ̀, igun kan ṣoṣo ló hàn. Nígbà ogun Kírìjì, Ìbàdàn pàgọ́ sí Ìgbájọ, Èkìtìparapọ̀, ìyẹn àwọn Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àtàwọn tó dara pọ̀ mọ́ wọn, wà ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ẹni tí kò rí òkè tó wà níbẹ̀, báwo ló ṣe máa mọ ìdí tí Kírìjì fi fà láti 1877, tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní 1886, tí àgọ́ kò sì tú tán àfi 1893?

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ mú orúkọ mẹ́ta nínú atọ́ka, bí Ògèdèǹgbé, Látòósà àti Kúrunmí, ẹ ṣí ojú ìwé wọn níṣojú ẹni tó ń tà á. Ẹ tẹ́ máàpù sílẹ̀.

Owó: àtúntẹ̀ dínwó. Ẹ̀yìn ìwé: òwú ni wọ́n fi rán ti àtijọ́, gọ́ọ̀mù àtúntẹ̀ kì í dúró de ọyẹ́ kejì. Ikán: ẹ yẹ àlòkù wò dáadáa. Ìwé Ajayi àti Smith lórí ogun Yorùbá (1964), tó ní ìròyìn Jones, ológun Gẹ̀ẹ́sì kan, lórí ọmọ ogun Ẹ̀gbá ní 1861: àlòkù ni kẹ́ ẹ wá. Àwọn ìwé gbàǹgbà tó ní àwọn kó ogun gbogbo àgbáyé jọ: ẹ kọ́kọ́ wá Kírìjì nínú wọn ná.

Méjèèjì ló ní àyè tirẹ̀ o. Bí ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ ka orí kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ kan, ẹ ra àtúntẹ̀. Àmọ́ fún pẹpẹ ìwé tí wọn kì í yá jáde, mi ò rí bí ẹ ṣe máa ṣe é láìsí àlòkù.

Ẹ̀dà mẹ́rin mi ṣì wà níbẹ̀. Mo ń fi bírò kọ nọ́ńbà tó tọ́ sí atọ́ka ọ̀kan nínú wọn. Mo dé lẹ́tà K, ó sú mi.